Rọ́bà ìhà kì í wọ inú ẹ̀dọ̀fóró ọmọ

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà. Òtútù àyà mú ọmọ mi, ọmọ ọdún 3. Wọ́n yàwòrán àyà rẹ̀, wọ́n ní omi wà nínú ẹ̀dọ̀fóró, àwọn fẹ́ fi rọ́bà fà á. Ìyá ọkọ mi ní bí wọ́n bá dá ihò sí i, èémí á máa gba ibẹ̀ jáde títí ayé. Ṣé abẹ́rẹ́ àti àgbo kò lè gbẹ ẹ́?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Omi yẹn kò sí nínú ẹ̀dọ̀fóró rárá. Àárín ẹ̀dọ̀fóró àti egungun ìhà ló wà, bó bá sì jẹ́ òtútù àyà ló fà á, ó lè jẹ́ ọyún. Ibẹ̀ náà ni rọ́bà ń lọ. Kò sẹ́ni tó fẹ́ lu ẹ̀dọ̀fóró ọmọ yín. Ọyún ló ń fún un pọ̀ tí kò fi lè fẹ̀. Bó bá jáde, ẹ̀dọ̀fóró á tún na ara. Ẹ bá mi ṣàlàyé èyí fún Màmá dáadáa, torí ìbẹ̀rù ihò yìí ń pa ọmọ.

Wọ́n á fún ọmọ ní oògùn oorun tàbí èyí tó ń pa ìrora. Lẹ́yìn náà, wọ́n á la awọ díẹ̀ nísàlẹ̀ abíyá, láàárín egungun ìhà. Orí egungun ìsàlẹ̀ ni rọ́bà ń gbà kọjá, torí iṣan ẹ̀jẹ̀ sá pamọ́ sábẹ́ egungun tòkè. Ẹnu kejì rọ́bà náà á rì sínú omi nínú ìgò. Omi ìgò yẹn ni ilẹ̀kùn: ọyún àti afẹ́fẹ́ ń jáde, afẹ́fẹ́ ìta kò rí ọ̀nà wọlé. Bí wọ́n bá yọ rọ́bà, ojú ibẹ̀ á jiná.

Iṣẹ́ tiyín ni ìgò. Ẹ jẹ́ kó wà nílẹ̀. Ẹni tó bá gbé e ga ju àyà ọmọ lọ ń dá omi padà sí i nínú. Bí ọmọ ṣe ń mí, omi inú rọ́bà á máa lọ sókè sódò. Bó bá dúró gbagidi, rọ́bà lè ti ká tàbí dí: ẹ pe nọ́ọ̀sì. Bí omi ìgò bá ń hó, ẹ má di rọ́bà pa. Bí rọ́bà bá bọ́, ẹ fi aṣọ mímọ́ tẹ ojú ihò, kẹ́ ẹ pariwo.

Abẹ́rẹ́ nìkan lè tó bí ọyún bá kéré, tó sì ṣàn. Bó bá pọ̀, oògùn kì í ràn án tán. Bí ó bá lò tó ọ̀sẹ̀ 2 sí 3, ó lè dì, kó di èèpo líle tó wé mọ́ ẹ̀dọ̀fóró. Rọ́bà kò lè fa ìyẹn. Àyà ni wọ́n máa là láti bó o. Àgbo ńkọ́? Kò dé ibẹ̀. Ọmọ tó ń mí gúlegúle tí ẹ rọ àgbo sí lẹ́nu, ọ̀nà èémí ni àgbo lè gbà lọ.

N kò rí àwòrán ọmọ yín, dókítà tó wà níwájú rẹ̀ ló ni ìpinnu. Ẹ ní kí wọ́n fi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo aboyún wo ìhà rẹ̀, kí wọ́n sọ bí ọyún náà ṣe pọ̀ tó àti bó ti ń dì. Bó bá pọ̀, ẹ buwọ́ lùwé lónìí.