Fóònù Kan, Ọmọ Mẹ́rin: Màmá Tíṣà Dá Ìyá Ìbejì Lóhùn

ÌBÉÈRÈ

Màmá Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ o. Agége ni mò ń gbé, aṣọ ni mò ń rán. Àkọ́bí mi obìnrin wà ní JSS 2, àwọn ìbejì wà ní Primary 3, àbíkẹ́yìn ṣì wà ní Nọ́sìrì. Látìgbà tí kónílé-ó-gbélé ti dé nítorí àrùn Kòrónà, orí WhatsApp ni ilé ìwé ti ń kọ́ wọn. Fóònù tèmi nìkan ló wà nílé, torí bàbá wọn máa ń mú tiẹ̀ jáde. Kó tó di aago mẹ́jọ àárọ̀, gúrúùpù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á ti máa dún. Bí mo bá ń wo iṣẹ́ Táíwò, Kẹ́hìndé á ti sá jáde. Bí mo bá padà sídìí máṣíìnì, tíṣà á ní òun ò tíì rí iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n wọn. Ìbòmú tí mò ń rán ló ń bọ́ wa báyìí, mi ò lè pa á tì. Zoom tí wọ́n ṣe lọ́sẹ̀ tó kọjá gbé gbogbo dátà mi lọ. Mo ti ń na àwọn ọmọ yìí jù, ẹ̀rù sì ń bà mí kí wọ́n má di ẹni ẹ̀yìn láàárín ẹgbẹ́ wọn. Kí ni kí n ṣe?

Ìyá Ìbejì, Agége

ÌDÁHÙN

Ìyá Ìbejì, ọmọ mi, o kú ìtọ́jú, o sì kú iṣẹ́ ìbòmú.

Ibi tí ẹ̀rù ti ń bà ọ́ ni màá ti bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ 23 oṣù Kẹta ọdún 2020 ni ìjọba Èkó ti ilé ìwé pa, ti ìjọba àti ti aládàáni. Ìdánwò WAEC tó yẹ kó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ 6 oṣù Kẹrin ọdún 2020, wọ́n sún un síwájú. Ọmọ gbogbo wa ló wà nílé. Bí ilé ìwé bá wọlé, àwọn tíṣà á tún ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀kọ́ yìí kọ́. Bí a ṣe máa ń ṣe lẹ́yìn ìyanṣẹ́lódì nìyẹn nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́. Ohun méjì ni mi ò fẹ́ kó bọ́ lọ́wọ́ àwọn ọmọ rẹ: ìwé kíkà àti ìṣirò. Ọmọ Primary 3 tí kò bá ṣí ìwé fún oṣù mélòó kan, ahọ́n rẹ̀ á wúwo. Ìwọ̀nyí ni kó o dì mú. Àwọn iṣẹ́ yòókù lè dúró.

Ó wá kan fóònù. Ohun tí tíṣà bá fi sórí WhatsApp laago mẹ́jọ, á ṣì wà níbẹ̀ laago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Pa ìró gúrúùpù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Lọ sínú Settings WhatsApp, kó o pa Media auto-download, kí àwòrán àti fídíò má baà máa wọlé fúnra wọn kí wọ́n sì jẹ dátà rẹ tán. Èyí tó bá jẹ́ ti ẹ̀kọ́ ni kó o fọwọ́ tẹ̀. Bí Zoom bá di dandan, kí ọmọ pa kámẹ́rà tiẹ̀, ìyẹn á dín dátà kù díẹ̀. Kó o sì kọ èyí ránṣẹ́ sí àwọn tíṣà wọn:

“Ẹ kú iṣẹ́ o. Fóònù kan ṣoṣo ni èmi àti ọmọ mẹ́rin ń lò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká máa fi iṣẹ́ ránṣẹ́ lálẹ́, kí ẹ sì bá wa gba ẹ̀kọ́ Zoom sílẹ̀ ní ohùn. Ẹ ṣeun, Ọlọ́run á dá a padà fún yín.”

Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni, má jẹ́ kó tì ọ́ lójú. Bí àwọn òbí mìíràn nínú gúrúùpù bá rí i, wọ́n á bá ọ dá sí i, torí ohun tó ń ṣe ọ́ ló ń ṣe wọ́n.

Ní ti àwọn ìbejì, jẹ́ kí wọ́n jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ máṣíìnì rẹ láàárọ̀, ibi tí ojú rẹ ti tó wọn. Téèpù tó wà lọ́rùn rẹ yẹn tó ìṣirò kọ́ wọn. Yáàdì kan jẹ́ ínǹṣì 36. Bi Táíwò pé ìdajì yáàdì jẹ́ ínǹṣì mélòó, kó fi ìka sórí 18. Ìdá mẹ́rin yáàdì ńkọ́, Kẹ́hìndé? Kó wá 9 kàn. Fún wọn ní àjákù aṣọ tó gùn tó yáàdì kan, kí wọ́n ká a sí méjì, kí wọ́n tún un ká, kí wọ́n wá wọ̀n ọ́n. Bí Kẹ́hìndé bá pè é ní 8, má jágbe mọ́ ọn. Ní kó tẹ́ aṣọ náà dáadáa, kó tún un wọ̀n. Á fojú ara rẹ̀ rí i. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni mo bá pàdé tó há ìdajì àti ìdá mẹ́rin sórí láìmọ ohun tí wọ́n jẹ́, àwọn tìrẹ á ti fọwọ́ kàn án.

Nígbà tí èyí bá ń lọ lọ́wọ́, kí ẹ̀gbọ́n wọn gba fóònù, kó gbọ́ ohùn tíṣà, kó kọ kókó ibẹ̀ sínú ìwé, kó dá fóònù padà. Àbíkẹ́yìn ò nílò fóònù rárá. Kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ka ìtàn fún un lálẹ́, àwọn méjèèjì ti kàwé nìyẹn. Ṣùgbọ́n má sọ ọmọbìnrin yẹn di ìyá kejì nínú ilé. Àkọ́bí obìnrin la sábà máa ń di gbogbo ẹrù rù, ìyẹn sì máa ń dùn mí. Òun náà ń lọ sí JSS 3, ìdánwò ń bẹ níwájú rẹ̀.

Nínà wọn, jọ̀wọ́, dáwọ́ rẹ̀ dúró. Mo mọ̀ pé ó ti rẹ̀ ọ́. Àmọ́ ọmọ tó ń wo ọwọ́ rẹ bóyá wàá gbá òun létí, kò lè rí ohun tó wà nínú ìwé. Bí inú bá ti ń bí ọ, pa ìwé dé, ní kí wọ́n lọ mumi, kó o padà sórí ìbòmú rẹ. Ẹ lè ṣe ìyókù lọ́la.

Bí tíṣà bá ní òun ò gbà, bá ọ̀gá ilé ìwé sọ̀rọ̀ fúnra rẹ. Kó o sì kọ̀wé sí mi padà, mo fẹ́ mọ ohun tí wọ́n sọ.

Màmá Tíṣà