Ẹni tí ò gba Ọlọ́hun gbọ́ ṣùgbọ́n tó mọ rere ṣe, kí ni ká ti sọ ọ́?

Ìbéèrè:

Asalaamu alaekum Ààfáà wa. Kubwa ní Abuja ni mò ń gbé, Wuse ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ọ̀gbẹ́ni kan wà ní ọ́fíìsì wa tó ní òun ò gbà pé Ọlọ́hun wà, ó ní àwọn èèyàn náà ló fẹnu kò pé èyí dáa, èyí ò dáa, kí wọ́n lè bá ara wọn gbé. Àmọ́ lóṣù tó kọjá owó kan ṣèèṣì wọ akáǹtì ẹ̀, ₦80,000, ẹni tó ni ín ò mọ̀ ọ́n rárá, ṣe ló gba báǹkì lọ fúnra ẹ̀ pé kí wọ́n dá a padà. Èmi tí mò ń kírun, mi ò mọ̀ bóyá mi ò ní kọ́kọ́ rò ó wò. Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi, ó ń bá mi dórí ìrun. Ṣé a lè sọ pé rere tó mọ̀ yẹn fi hàn pé Ọlọ́hun wà? Ṣé mo lè fi bá a sọ̀rọ̀? Àwọn ìrun tí mo ti fi ọkàn bẹ́ẹ̀ kí ńkọ́, ṣé kí n tún un kí?

Ìdáhùn:

Wa alaekumu salaam wa rahmatullah. Àbúrò mi, kọ́kọ́ gbà pé ohun tí ọkùnrin yẹn ṣe dáa, má wá àléébù sí i. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló jẹ́ pé tí a bá ti gbọ́ pé ẹnì kan ò kírun, a ti pè é lólè nìyẹn, Islam ò kọ́ wa bẹ́ẹ̀. Kí wáhàyí, ìyẹn ọ̀rọ̀ tí Ọlọ́hun fi ránṣẹ́, tó sọ̀ fún Ànọ́bì (ikẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun kó máa bá a), àwọn kan nínú ẹ̀yà Kùráéṣì kó ara wọn jọ sílé Abdullah bin Jud'an ní Mẹ́kà, nítorí oníṣòwò kan láti Yẹ́mẹ̀n tí wọ́n ra ọjà ẹ̀ tí wọn ò sanwó, wọ́n búra pé ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá ṣàbòsí sí, àwọn máa gbè é lẹ́yìn títí ó fi máa gba ẹ̀tọ́ ẹ̀. Abọ̀rìṣà ni wọ́n o. Ànọ́bì wà níbẹ̀, nígbà tí Islam dé ó ní tí wọ́n bá tún pe òun sí irú ẹ̀, òun máa jẹ́ ìpè.

Nítorí náà ẹni tí ò mọ Ọlọ́hun lè mọ rere. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà ni pé, ta ló ní kó jẹ́ dandan? Wo ọkùnrin yẹn: álátì wọlé sórí fóònù ẹ̀, òun nìkan ló rí i, kò sẹ́ni tó máa bi í, nǹkan kan nínú ẹ̀ sì sọ pé dandan ni kó dá a padà. Kò sọ pé ó máa wù ẹ́, kò sọ pé ó máa ṣe ẹ́ láǹfààní, dandan ló sọ. Dandan yẹn dà bíi gbèsè, gbèsè ò sì lè wà kó má ní ẹni tí a jẹ ẹ́. Tó bá jẹ́ àdéhùn àwọn èèyàn ni, àwọn èèyàn dà níbẹ̀?

Ọlọ́hun fi ẹ̀mí búra nínú Súrà Shams, ó ní òun ló fi ìwà burúkú ẹ̀ àti ìbẹ̀rù Ọlọ́hun ẹ̀ mọ̀ ọ́n. Ohun tó gbé ọkùnrin yẹn lọ sí báǹkì nìyẹn, bí kò tiẹ̀ mọ ẹni tó fi síbẹ̀.

Tó bá ní àdéhùn ni ṣá, bi í léèrè àwọn Lárúbáwá kan tó ń ri ọmọbìnrin wọn mọ́lẹ̀ láàyè kí Islam tó dé. Àwọn tó ń ṣe é gbà pé ó dáa, kò sófin tó lòdì sí i. Ṣé ó wá dáa ni? Ó máa ní rárá, mo mọ̀. Ó ti gbà nìyẹn pé rere kan wà tó ju ẹnu kíkò àwọn èèyàn lọ, tí a lè fi dá gbogbo ìlú lẹ́jọ́. Súrà Takwir ní wọ́n máa bi ọmọ yẹn pé ẹ̀ṣẹ̀ wo ló ṣẹ̀ tí wọ́n fi pa á. Ẹni tí ò gba Ọjọ́ Ìdájọ́ gbọ́, ta ló máa ní ó máa bá ọmọ yẹn béèrè?

Àwọn kan á ní kí ẹ̀dá má baà pa ara wọn tán ni irú ọkàn yẹn ṣe wà lára wa. Mi ò bá wọn jà lórí ìyẹn, àmọ́ ìbínú náà wà lára wa, ojúkòkòrò náà wà níbẹ̀, a ò sì sọ pé dandan ni ká tẹ̀ lé wọn.

Èyí tó dùn mọ́ mi jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni ti ìyá wa Khadijah. Ànọ́bì sọ̀ kalẹ̀ láti ihò Hira, níbi tí wáhàyí ti kọ́kọ́ bá a, ara ẹ̀ ń gbọ̀n, ó ní ẹ̀rù ara òun ń ba òun. Khadijah ní rárá, Ọlọ́hun ò ní dójú tì ẹ́ láéláé, ò ń da ẹbí pọ̀, ò ń bá aláìlágbára gbẹ́rù, ò ń fún aláìní, ò ń ṣàlejò. Hádíìsì Bukhari ni. Àwọn ààyá Kùránì tó kọ́kọ́ sọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni, ìwà rere tó ti rí lára ọkọ ẹ̀ ló gbá mú, ó fi mọ ohun tí Ọlọ́hun máa ṣe àti ohun tí kò ní ṣe. Ọ̀nà tí ìwọ náà ń wá nìyẹn, ó ti wà nínú ẹ̀sìn wa látọjọ́ àkọ́kọ́.

Àwọn onímọ̀ ò fẹnu kò lórí ibi tí làákàyè dé nínú mímọ rere àti búburú. Ìjọ onímọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Mu'tazila ní làákàyè tó láti mọ̀ ọ́n, ìjọ kejì, Ash'ariyya, ní òfin Ọlọ́hun ló ń sọ nǹkan di rere tàbí búburú, onímọ̀ kan, Ibnul-Qayyim, ní làákàyè mọ̀ ọ́n lóòótọ́ àmọ́ ìyà ò sí títí òjíṣẹ́ á fi dé, gẹ́gẹ́ bí Súrà Isra ṣe sọ. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí lèmi dì mú. Má kó gbogbo ẹ̀ dé ọ́fíìsì.

Bá a sọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ má sọ pé àríyànjiyàn yìí tó láti mú un kírun. Àmì ni, kò ní kó má wo ìṣẹ̀dá, kò sì ní kó má ka Kùránì. Yìn ín fún owó tó dá padà, kí o wá bi í pé ta ló rò pé òun jẹ ní gbèsè yẹn. Kí o dákẹ́ díẹ̀ kó rò ó. Ìwọ náà, tí owó olówó bá wọ akáǹtì ẹ, dá a padà lọ́jọ́ yẹn.

Ní ti ìrun, má tún ìkankan kí. Àwọn sàhábà wá bá Ànọ́bì pé àwọn ń rí nǹkan lọ́kàn tó wúwo jù láti fẹnu sọ, ó ní ìmáánì (ìgbàgbọ́) tó hàn kedere nìyẹn, torí pé kò bá wọn lára mu. Tó bá tún dé lórí ìrun, wá ààbò lọ́dọ̀ Ọlọ́hun lọ́wọ́ èṣù, kí o fẹ́ itọ́ díẹ̀ sápá òsì lẹ́ẹ̀mẹta bí Ànọ́bì ṣe ní kí sàhábà kan, Uthman bin Abil-As, ṣe, kí o máa bá ìrun ẹ lọ. Tó bá jẹ́ inú sáfù (ìlà àwọn tó ń kírun pọ̀) lo wà, wíwá ààbò nínú ọkàn ti tó, má tutọ́ sára ẹni ẹlẹ́ni.