Kí ni "láìyẹ" túmọ̀ sí nídìí Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa?

Arábìnrin tó béèrè ọ̀rọ̀ yìí ní ọdún mẹ́ta rèé tí òun ti ń jókòó sẹ́yìn bí wọ́n bá ti gbé Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa jáde. Òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ní aáwọ̀, ẹnì kan sì ti sọ fún un pé ẹni tí kò bá yẹ tó jẹ ẹ́, ikú ló jẹ. Ó tún fẹ́ mọ̀ bóyá omi díẹ̀ tí wọ́n dà sí i lórí ní kékeré tó ìrìbọmi.

Ọdún mẹ́ta! Inú bí mi. Ta ló wá yẹ nínú wa? Tó bá jẹ́ ẹni yíyẹ la tẹ́ tábìlì yẹn fún, àlùfáà gan-an kò ní débẹ̀.

Ṣebí Yorùbá la jọ ń sọ. 1 Kọ́ríńtì 11:27 kò sọ pé "ẹni tí kò yẹ". Ẹni tó bá jẹ ẹ́ "láìyẹ" ló wí. Bí mo bá ní ọmọ kan jẹun láìfọwọ́, bó ṣe jẹun ni mo ń bá wí, n kò ní kó má jẹun mọ́. Báwo wá ni àwọn ará Kọ́ríńtì ṣe ń jẹ ẹ́? Ẹ padà sí ẹsẹ 21. Ní nǹkan bí ọdún 55 tí Pọ́ọ̀lù kọ̀wé sí wọn, àwọn tó ní lọ́wọ́ á ti jẹ tiwọn, wọ́n á ti mu yó, ẹni tí kò ní á máa wòran. Ebi ń pa ẹnì kan, ọtí ń pa ẹnì kejì, nínú ìpàdé kan náà. Àjọjẹ kò dùn bí ẹnìkan kò bá ní. Òwe yìí ni mo fi ń ka orí 11 látìgbà tí mo ti ń kọ́ kíláàsì ìrìbọmi. Ìdájọ́ tí wọ́n fi ń dẹ́rù bà yín wà ní ẹsẹ 29 àti 30 lóòótọ́, n kò fi í pamọ́. Àmọ́ ẹ wo òògùn tí Pọ́ọ̀lù fún wọn ní ẹsẹ 33: kí wọ́n dúró de ara wọn. Kò ní kí ẹnikẹ́ni lọ jókòó sẹ́yìn. Ẹsẹ 28 tó ní kí èèyàn wádìí ara rẹ̀, "kí ó sì jẹ" ló tẹ̀ lé e.

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ìyá arúgbó kan máa ń ti ìjókòó ẹ̀yìn pátápátá fi ọ̀pá rìn bọ̀ wá gba tirẹ̀. Akọrin á kọrin tán, kẹ́kẹ́ á pa, ọ̀pá nìkan la ó máa gbọ́: kò, kò, kò. Bàbá tó gbé ago á dúró gbagidi, kò ní wo aago. Lónìí ńkọ́? Ife rọ́bà kékeré, a gbé e mì lẹ́ẹ̀kan, ojú wà lára fóònù, ó di ẹnu ọ̀nà. Ní nǹkan bí ọdún 155, Justin Martyr, òǹkọ̀wé Kristẹni ìgbàanì, kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn díákónì máa ń gbé oúnjẹ náà lọ fún àwọn tí kò sí níbẹ̀. Wọ́n ń gbé e lọ bá ẹni tí kò wá, àwa ń fi ẹ̀rù lé ẹni tó ti jókòó sínú ilé!

Ti omi kò le. Didache, ìwé ẹ̀kọ́ àwọn Kristẹni ìgbàanì, fẹ́ omi tó ń ṣàn. Bí kò bá sí, omi mìíràn. Bí omi kò bá pọ̀, kí a dà á sórí lẹ́ẹ̀mẹta. Àwọn tó ní àfi kéèyàn rì á bá mi jà, ó sì kúkú wà nínú orúkọ ìrìbọmi fúnra rẹ̀. Èmi ò bá wọn jiyàn. Ohun tí mo rí ni pé kò sẹ́ni tó ń ṣe ìrìbọmi fún ara rẹ̀, ọwọ́ ẹlòmíràn ló máa ń wà níbẹ̀.

Nítorí náà, Sunday tó ń bọ̀, ẹ dìde. Bí ẹ̀gbọ́n yín bá wà nínú ìjọ yẹn, ẹ dúró dè é lẹ́bàá ìjókòó rẹ̀, kẹ́ ẹ jọ lọ.