Ẹsẹ̀ ọmọ tó tẹ́ pẹrẹsẹ, àti ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi ọkùnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún 4 ni. Bó bá wẹ̀ tán, tó rìn lórí sìmẹ́ǹtì, gbogbo àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ló ń hàn nílẹ̀, kò sí kòtò kankan láàárín. Kì í sunkún ẹsẹ̀, eré ló ń sá kiri. Wọ́n ní kí n ra bàtà onírin kan fún un kí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè tọ́, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ pọ̀. Ṣé kí n rà á? Ó jọ pé ọ̀dọ̀ mi ló ti jogún rẹ̀, torí láti bí ọdún kan ni ẹsẹ̀ òsì tèmi náà ti ń tẹ́, ó sì ń dùn mí lẹ́bàá kókósẹ̀ nínú. Ọdún 47 ni mí, orí ìdúró ni mo ti ń ta aṣọ lọ́jà.

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o, màmá. Ẹ má ra bàtà yẹn.

Ọ̀rá ló ń kún àtẹ́lẹsẹ̀ ọmọ tuntun, àwọn iṣan tó so eegun ẹsẹ̀ pọ̀ sì rọ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni kòtò yẹn ń yọ; ti ọ̀pọ̀ ọmọ kì í hàn dáadáa kí wọ́n tó pé bí ọdún 6, ti àwọn mìíràn a pẹ́ dé ọdún 10. Àwọn kan wà tí tiwọn kò ní yọ láéláé, wọ́n á sì rìn, wọ́n á gbẹ́rù, títí wọn ó fi darúgbó láìsí ìrora.

Ẹ gbé bisikíìtì sókè ju ibi tí ọwọ́ rẹ̀ tó, kí ẹ wá bẹ̀rẹ̀ wo ẹsẹ̀ rẹ̀ láti ẹ̀yìn bó ṣe ń nà án. Bí gìgísẹ̀ bá kúrò nílẹ̀, tí kòtò yọ, tí gìgísẹ̀ náà sì yí sínú díẹ̀, kò sí àrùn níbẹ̀. Bí kò bá yọ, tí ẹsẹ̀ le gbagidi, tàbí tó ń tiro, tó ń sá fún eré, ẹ gbé e wá. Àwọn ọmọ kan wà tí eegun ẹsẹ̀ wọn méjì lẹ̀ mọ́ra láti inú oyún. Ìrora tiwọn sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ọdún 8.

Ní ti bàtà, àwọn oníṣègùn egungun ní Texas, ní Amẹ́ríkà, gbé àbájáde iṣẹ́ wọn jáde ní 1989. Wọ́n wọ bàtà àkànṣe fún àwọn ọmọ kan, wọ́n tẹ́ nǹkan sínú bàtà àwọn mìíràn, wọ́n fi àwọn kan sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn ọdún 3, ẹsẹ̀ gbogbo wọn ló sàn sí i, kò sì sí ìyàtọ̀. Ní Íńdíà, ní 1992, wọ́n yẹ ẹsẹ̀ ọmọ 2,300 wò: àárín àwọn tó ń wọ bàtà ni ẹsẹ̀ pẹrẹsẹ ti pọ̀ jù. Mo ti bọ́ irú bàtà onírin bẹ́ẹ̀ lẹ́sẹ̀ ọmọ rí, tí ara kókósẹ̀ rẹ̀ ti bó. Inú bí mi lọ́jọ́ náà. Ẹ jẹ́ kó máa rin ẹsẹ̀ lásán nínú ilé, níbi tí kò sí ìgò àti ìṣó.

Ẹsẹ̀ tiyín gan-an ló ká mi lára. Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tẹ́ lára àgbàlagbà, tó tún ń dunni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìran. Iṣan kan wà tó gba ẹ̀yìn kókósẹ̀ inú kọjá bí okùn ṣe ń gba orí kẹ̀kẹ́ kànga. Òun ló ń fa kòtò ẹsẹ̀ sókè. Ó máa ń gbó, pàápàá lára obìnrin tó ti lé ní 40, ẹni tó sanra, ẹni tó ní àtọ̀gbẹ tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru.

Ẹ fọwọ́ ti ògiri, ẹ fi ẹsẹ̀ òsì nìkan dúró, kí ẹ gbé gìgísẹ̀ sókè. Bí kò bá ṣeé ṣe, tàbí tó dùn yín gidi, ẹ má jẹ́ kó pé ọ̀sẹ̀ kan kí ẹ tó rí oníṣègùn egungun. Bí a bá tètè bá iṣan yìí, bàtà tó le lẹ́yìn, tìmùtìmù inú bàtà àti eré ìmárale máa ń tó. Bó bá já, iṣẹ́ abẹ ló sábà máa ń kù.

Títí di ìgbà náà, ẹ gbé àga lọ sọ́jà. Ẹ fi aṣọ wé yìnyín lé ibi tó wú fún ìṣẹ́jú 15, àfi bí ẹsẹ̀ bá ti ń kú tipiri. Ẹ fi silípáàsì sílẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fa ẹsẹ̀ náà tàbí tẹ̀ ẹ́ fún yín, ẹ má sì kàn máa gbé oògùn ìrora mì bí ẹ bá ní ọgbẹ́ inú tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹ lọ yẹ ṣúgà yín wò.

Ẹ tún yí bàtà tí ẹ fi ń lọ sọ́jà dojú dé. Bí gìgísẹ̀ òsì bá ti jẹ ní ẹ̀gbẹ́ inú ju ti ọ̀tún lọ, ẹ mú un dání wá. Ó máa ràn wá lọ́wọ́.