Orí Ìkókó Tó Tẹ́ Lápá Kan: Ìbéèrè Yín àti Ìdáhùn Wa

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Ọmọkùnrin mi pé ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá lánàá. Apá ọ̀tún ìpàkọ́ rẹ̀ ti pẹlẹbẹ, àfi bí ẹni pé ẹnì kan fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ wọlé. Ìyá ọkọ mi tó wá bá wa wẹ ọmọ ní kí á máa fi aṣọ gbígbóná tẹ̀ ẹ́ láràárọ̀ kó lè rí róbótó. Ọkọ mi ní ọsibítù ló kàn. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀?
*Ìyá Ìkókó, Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn*

Ẹ kú ọwọ́ lómi o. Aṣọ gbígbóná yẹn, ẹ bá wa bẹ Ìyá kí wọ́n gbé e sílẹ̀ ná. Ìwẹ̀ wọn dára, òróró tí wọ́n fi ń ra ara ọmọ dára, orí nìkan ni kí wọ́n yọ sílẹ̀.

Agbárí ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá kì í ṣe eegun kan ṣoṣo. Awẹ́ awẹ́ ni, ìsopọ̀ rírọ̀ sì wà láàrin wọn; ibi tí àlàfo náà ti fẹ̀ jù ni à ń pè ní àwùjẹ̀. Ọpọlọ tó ń dàgbà nínú ló ń ti àwọn awẹ́ náà síta. Ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, àyíká orí máa ń fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 2 tóbi sí i lóṣooṣù. Láti oṣù mẹ́ta sí oṣù mẹ́fà, ó ń dín kù sí bíi 1; lẹ́yìn ìyẹn títí ọmọ fi pé ọdún kan, ìdajì péré ni. Ibi tí ọmọ bá ń gbé orí lé ṣáá kò ní ráyè yọ síta, ibòmíràn ni orí á gbà dàgbà. Nítorí náà, ẹ gbé ẹrù kúrò lórí ibi tó tẹ́, ìdàgbàsókè ọmọ fúnra rẹ̀ á máa kún un. Ọwọ́ tó tẹ̀ ẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá láàárọ̀ kò lè borí wákàtí 14 tí ọmọ fi sùn lé e. Omi tí ọwọ́ àgbà fara dà sì lè bó awọ orí ìkókó. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀jẹ̀ ló dì sábẹ́ awọ nígbà ìbí, tí orí wú lápá kan, títẹ̀ lè mú kó tún ṣẹ̀jẹ̀. Irú wíwú bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun à ń tẹ̀ tàbí à ń fi abẹ́rẹ́ fà.

Ẹ má sì rò pé ọmọ yín nìkan ni. Nígbà tí wọ́n yẹ orí ìkókó 440 wò ní Calgary, ní Canada, àwọn ọmọ ọ̀sẹ̀ 7 sí 12, tí wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2013, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì wọn tí orí wọn tẹ́ níbì kan. Plagiocephaly ni orúkọ tí àwọn dókítà ń pè é.

Kí ẹ tó jáde nílé, ẹ wò ó báyìí. Ẹ fi omi tẹ́ irun ọmọ lẹ̀. Kí ẹnì kan gbé e jókòó lé itan, kí ẹ̀yin dúró sẹ́yìn, kí ẹ máa wo orí náà láti òkè. Ẹ fi ìka atọ́ka kan ẹnu ihò etí méjèèjì, kí ẹ rí èyí tó wà níwájú. Bí etí apá tó tẹ́ bá sún síwájú, tí iwájú orí apá kan náà sì yọ díẹ̀, oorun ló fà á, ọwọ́ yín ló sì wà. Ṣùgbọ́n bí etí náà bá fà sẹ́yìn tó sì wálẹ̀, tí ẹ fọwọ́ pa ibẹ̀ tí ẹ bá ohun líle tó yọ bí okùn, ọ̀rọ̀ dókítà ni, láàárín ọ̀sẹ̀ yìí. Bí àwùjẹ̀ bá wú síta nígbà tí ọmọ jókòó jẹ́ẹ́ tí kò sunkún, bí orí bá ń tóbi lójijì, tàbí tí ojú rẹ̀ kàn ń wo ìsàlẹ̀ ṣáá, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ gbé e lọ. Bó bá tún ń bì, ẹ má fi falẹ̀ rárá.

Tí ó bá jẹ́ ti oorun, ẹ máa fi ẹ̀yìn rẹ̀ lélẹ̀ sùn bí ẹ ti ń ṣe, ṣùgbọ́n ẹ yí ibi tó ń kọjú sí padà. Ìkókó máa ń wo ibi tí ìyá wà tàbí ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wọlé. Bí ògiri bá wà lápá òsì rẹ̀, kò ní ohun tí ó fẹ́ wò níbẹ̀, ọ̀tún ni yóò máa kọjú sí. Ẹ gbé orí rẹ̀ sí ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà tẹ́lẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. Òsì ni yóò ti máa wá yín. Bí oorun bá ti wọ̀ ọ́ lára, ẹ rọra yí orí rẹ̀ sí òsì. Bó bá jẹ́ fídà ni ẹ ń fún un, ẹ má fi ọwọ́ kan náà gbé e nígbà gbogbo. Ọmọ tó ń mu ọmú ń pààrọ̀ apá fúnra rẹ̀.

Ọ̀já wà lọ́wọ́ wa, ìyẹn sì sàn ju ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n ń tà lọ. Ọmọ tí a pọ̀n kò fi ìpàkọ́ lé nǹkan kan. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá, ọrùn rẹ̀ kò tíì le, kí aṣọ ìpọnmọ gbé e dé ọrùn, kí imú rẹ̀ má lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn yín, kí ẹ sì yí ojú rẹ̀ sí apá tí kì í fẹ́ wò. Ìjókòó ọkọ̀, ìrìn àjò ni kí ẹ fi mọ sí; àga ọmọ tó ń mì, ẹ má jẹ́ kó pẹ́ níbẹ̀.

Tó bá jí, ẹ dà á dojú bolẹ̀ lórí ẹní tàbí lórí àyà yín, kí ẹ wà níbẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìṣẹ́jú 3 sí 5, lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní 2019 pé kí gbogbo rẹ̀ pọ̀ tó ìṣẹ́jú 30 ó kéré tán lójúmọ́. Bó bá ń sunkún, ẹ ká aṣọ ìnura, kí ẹ tẹ́ ẹ sábẹ́ àyà rẹ̀, kí apá rẹ̀ wà níwájú. Kò yẹ kó jẹ́ lẹ́yìn oúnjẹ, yóò pọ̀ ọ́.

Ọkọ yín náà kò jẹ̀bi. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ọ̀sẹ̀ 10 ti tó gbà. Ẹ fi orí náà han nọ́ọ̀sì níbẹ̀, kí wọ́n wọn ọ́n, kí wọ́n kọ ọ́ sínú káàdì. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ láti òkè lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Tó bá di abẹ́rẹ́ ọ̀sẹ̀ 14 tí fọ́tò kò yàtọ̀, ẹ béèrè fún dókítà ọmọdé.

Ṣé kò ní yá tí a bá kúkú ń dà á dojú bolẹ̀ sùn? Báyìí ni a ṣe tọ́ àwọn ọmọ tiwa.
*Ìyá Àgbà, Ìjẹ̀bú-Òde*

Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, Ìyá. Rárá o. Òótọ́ ni pé ìpàkọ́ kì í tẹ́ bẹ́ẹ̀ nígbà náà, ṣùgbọ́n ikú òjijì lójú oorun ń mú ìkókó lọ ju ti ìsinsìnyí lọ. Láti ìgbà tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún àwọn òbí pé kí wọ́n fi ẹ̀yìn ọmọ lélẹ̀, ní ìlú Ọba ní 1991 àti ní Amẹ́ríkà ní 1992, ikú yẹn ti dín kù ju ìdajì lọ. Orí tó tẹ́ ní àtúnṣe.

Mo ra pílò kékeré tó ní ihò láàrin. Ẹni tó tà á ní ó ń tún orí ṣe. Ọmọ mi ti pé oṣù méjì.
*Ìyá Ìbejì, Ìkòròdú*

Ẹ má lò ó fún oorun. Ní oṣù kọkànlá 2022, FDA, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, kìlọ̀ lórí irú pílò yìí gan-an pé ó lè dí ọmọ ní èémí. Bí orí bá yẹ̀ kúrò nínú ihò náà, imú ọmọ á kanlẹ̀ sínú fóòmù, kò sì lágbára láti gbé e kúrò. Ẹ̀yin tí ẹ ní ìbejì, ẹ ṣọ́ra pàápàá: ojú ara wọn ni wọ́n máa ń fẹ́ wò, ẹ máa pààrọ̀ ipò wọn.

Ọ̀sẹ̀ méje ni ọmọbìnrin mi. Òsì ló máa ń kọjú sí ṣáá, orí rẹ̀ sì ń tẹ̀ sí èjìká ọ̀tún. Mo fọwọ́ kan kókó kékeré kan bí ẹ̀wà lọ́rùn ọ̀tún rẹ̀. Ìpàkọ́ òsì ti ń tẹ́.
*Ìyá Oyin, Òṣogbo*

Orí kọ́ ni ọ̀ràn bẹ̀rẹ̀ sí, ọrùn ni. Iṣan tó wá láti ẹ̀yìn etí dé eegun àyà ti sún kì lápá ọ̀tún. Bí iṣan yẹn bá kúrú, á fa orí sí apá tirẹ̀, á sì yí ojú sí apá kejì, gẹ́gẹ́ bí ẹ ti ṣàpèjúwe rẹ̀. Kókó náà máa ń yọ láàárín oṣù àkọ́kọ́, ó sì sábà máa ń rẹ̀ fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n kí dókítà fọwọ́ kàn án. Ẹ ní kí wọ́n yẹ ìbàdí rẹ̀ wò pẹ̀lú, torí ìbàdí tí kò jókòó dáadáa sínú kòtò rẹ̀ máa ń bá èyí rìn.

Ẹ lọ sí ẹ̀ka fisiotẹ́rápì, àwọn tó ń fi ìdárayá tọ́jú iṣan, báyìí, kì í ṣe lóṣù tó ń bọ̀. Ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ kó tó pé oṣù mẹ́ta sábà máa ń yá láìsí iṣẹ́ abẹ. Ohun tí wọn yóò kọ́ yín lọ́nà méjì nìyí, ẹ jẹ́ kí wọ́n wo ọwọ́ yín kí ẹ tó máa dá ṣe é nílé. Èkíní, ẹ di èjìká ọ̀tún mú sílẹ̀, kí ẹ rọra yí àgbọ̀n rẹ̀ sí èjìká ọ̀tún. Èkejì, èjìká ọ̀tún náà ni ẹ ó dì mú, ṣùgbọ́n etí òsì ni ẹ ó rọra tẹ̀ sí èjìká òsì. Ẹ dúró síbẹ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá 10 sí 30, lẹ́ẹ̀mẹta, nígbàkígbà tí ẹ bá pààrọ̀ ìlédìí. Bí ó bá kọ̀, ẹ dúró dè é. Kí ẹ má fà á. Bí àwọ̀ rẹ̀ bá yí padà tàbí tí èémí rẹ̀ yàtọ̀, ẹ fi sílẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ohun tó máa ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ ni pé ìyá ń ṣe é lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́, tí gbogbo ilé sì ń fi ọmọ kọjú sí òsì fún wákàtí tó kù.

Peckham ni mo ti ń kọ̀wé. Ọmọ mi ti pé oṣù méje. Ilé ìwòsàn aládàáni kan fi ẹ̀rọ wọn orí rẹ̀, wọ́n ní ìyàtọ̀ ìdábùú méjèèjì jẹ́ mìlímítà 11. Akoto tí yóò tún un ṣe jẹ́ £2,500, wọ́n sì ní bó bá kọjá oṣù yìí, ẹ̀pa kò bóró mọ́.
*Bàbá Tèmi, London*

Ẹ fara balẹ̀, sà. Ìdábùú tí wọ́n wí ni láti iwájú orí apá kan dé ìpàkọ́ apá kejì. Wọ́n wọn méjèèjì, wọ́n yọ kékeré kúrò lára ńlá. Lórí òṣùwọ̀n tí ọ̀pọ̀ ń lò, mìlímítà 3 sí 10 jẹ́ díẹ̀, 10 sí 12 wà láàrin, ohun tó ju 12 ló pọ̀. Tiyín wà láàrin.

Akoto náà kì í tẹ orí. Ó ń kan ibi tó yọ, ó sì fi àyè sílẹ̀ níbi tó tẹ́, kí orí lè dàgbà síbẹ̀. Nítorí ìyẹn ni wọ́n ṣe ń wọ̀ ọ́ fún wákàtí 23 lóòjọ́ fún oṣù mélòó kan, èrè rẹ̀ sì ń dín kù bí ìdàgbàsókè orí ti ń falẹ̀. Lẹ́yìn ọdún kan, kò fi bẹ́ẹ̀ sí èrè níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ àsìkò tí wọ́n sọ kì í ṣe irọ́. Ohun tí wọn kò sọ fún yín ni ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Netherlands, tó jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn BMJ ní 2014. Wọ́n pín ọmọ 84 tó tó oṣù márùn-ún sí mẹ́fà sí ọ̀nà méjì. Nígbà tí wọ́n pé ọdún méjì, orí 26 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó wọ akoto ló padà gún régé. Lára àwọn tí kò wọ̀ ọ́, 23. Gbogbo òbí àwọn tó wọ̀ ọ́ ló ròyìn ìṣòro kan tàbí òmíràn: awọ tó bó, òógùn, òórùn, ìrora. Àwọn ọmọ tí ọrùn wọn kì kò sí nínú ìwádìí náà.

NHS, ètò ìlera ìjọba lọ́dọ̀ yín, kì í sábà sanwó akoto. Ṣùgbọ́n ọ̀fẹ́ ni GP yín, dókítà àdúgbò, lè fi ọmọ ránṣẹ́ sí fisiotẹ́rápì, ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ gbà. Lójú tiwa, ọmọ oṣù méje tó ti ń jókòó, tó ń yí ara rẹ̀, tí tirẹ̀ jẹ́ 11, kí ẹ di owó yín mú. Bí ó bá ju 12 lọ, tí ẹ ti yí i sọ́tùn-ún sósì fún oṣù méjì láìsí ìyàtọ̀, a kò ní bá yín jiyàn. Tí ẹ bá wá gbà á, irun rẹ̀ gbọ́dọ̀ lọ sílẹ̀, kò sí dídì kò sí ìlẹ̀kẹ̀. Ẹ máa fi ọtí ìnuwọ́ nu inú akoto lójoojúmọ́, kí ó gbẹ kí ẹ tó dá a padà. Bí awọ orí bá pọ́n níbì kan tí kò lọ láàárín wákàtí kan lẹ́yìn tí ẹ bọ́ ọ, ẹ pè wọ́n kí wọ́n tún un gbẹ́.

Orí ọmọkùnrin mi gùn, ó sì tẹ́ẹ́rẹ́ láti ọjọ́ tí mo ti bí i. Ohun líle kan yọ láti àwùjẹ̀ dé ìpàkọ́. Ó ti pé oṣù mẹ́rin. Wọ́n ní yóò kúrò.
*Ìyá Dámiládé, Abẹ́òkúta*

Kò dà bí èyí tí yóò kúrò. Títẹ̀ tí ìrọbí bá tẹ orí ọmọ máa ń lọ láàárín ọjọ́ díẹ̀ sí ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì. Ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé lè ní orí tẹ́ẹ́rẹ́ láti inú ìdùbúlẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní ohun líle yẹn. Ohun tí ẹ ṣàpèjúwe jọ ìsopọ̀ àárín orí tó ti dì kí àsìkò rẹ̀ tó tó, tí wọ́n ń pè ní craniosynostosis. Ó ń ṣẹlẹ̀ sí nǹkan bí ọmọ kan nínú 2,000 sí 2,500, èyí tó wà láàrin orí yìí ló wọ́pọ̀ jù, ọkùnrin ló sì ń ṣe jù. Kò sí ìpọ̀n, ìyísọ́tùn-ún tàbí akoto nìkan tó lè ṣí i.

Ẹ gba lẹ́tà lọ́wọ́ dókítà ọmọdé lọ sí ẹ̀ka iṣẹ́ abẹ ọpọlọ. UCH Ìbàdàn, níbi tí Dókítà Látúndé Òdèkù ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà ní 1962, àti LUTH ní Ìdí-Àràbà wà lára àwọn tó sún mọ́ yín. Iṣẹ́ abẹ tí ojú ọgbẹ́ rẹ̀ kéré dára jù kí ọmọ tó kọjá oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin, lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ náà ni ọmọ ń wọ akoto. Èyí tí wọ́n ń ṣí orí fún wà láàárín oṣù 6 sí 12, ó sì sábà máa ń gba ẹ̀jẹ̀. Ẹ béèrè nípa ẹni tí yóò fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n lè ní kí ẹ ya CT, àwòrán tó ń fi eegun orí hàn, kí wọ́n lè mọ ibi tí wọn yóò gé. Fún ti yín, ó yẹ. Fún orí tí oorun tẹ́ nìkan, ẹ má gbà á, ìtànṣán rẹ̀ kì í ṣe ohun à ń fún ìkókó lásán.

Ẹ mú káàdì àjẹsára dání pẹ̀lú fọ́tò orí láti òkè, láti iwájú àti láti ẹ̀gbẹ́. Bí wọn kò bá ti ń wọn orí rẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ lónìí: téèpù tí kì í fà, ẹ gbé e gba òkè ìpéǹpéjú, òkè etí, àti ibi tó yọ jù ní ìpàkọ́. Ẹ wọn ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta. Èyí tó tóbi jù ni ẹ ó kọ sílẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀.