Èsì: Ṣé Saikō no Rikon tó wò?
Ẹ béèrè bóyá Saikō no Rikon, eré tẹlifíṣọ̀n Jàpáàn ti ọdún 2013, tó wò. Apá kìíní nìkan ni mo tíì wò, ó sì ti mú mi. Ọ̀dọ̀ oníṣègùn eyín ni Mitsuo, ọkọ inú eré náà, ti ń ro ẹjọ́ Yuka ìyàwó ẹ̀. Ẹ gbọ́ ná, pẹ̀lú ẹnu lílà sílẹ̀? Ọjọ́ tí ilẹ̀ mì tìtì lọ́dún 2011, tí ọkọ̀ ojú irin dúró, tí oníkálukú ń fẹsẹ̀ rìn relé, lọ̀rọ̀ wọn bẹ̀rẹ̀. Ọkọ fẹ́ràn ìmọ́tótó ju bó ṣe yẹ lọ, ìyàwó ò bìkítà. Mo ń rẹ́rìn-ín lọ ni, àfi bí Yuka ṣe ní òun ti lọ fi ìwé ìkọ̀sílẹ̀ sílẹ̀ ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀. Lọ́dọ̀ wọn, bí tọkọtaya bá ti fọwọ́ sí i, kò kan kóòtù. Ẹ̀rín gbẹ mọ́ mi lẹ́nu.