Wáyà tí ẹnikẹ́ni ò wé: ṣé iná lè sọ kírísítálì di òòfà?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Iṣẹ́ wáyà ilé ni mò ń ṣe ní Tákíé, Ògbómọ̀ṣọ́ níbí. Ọmọ mi tó ń ka fisíìsì dé láti skúùlù, ó ní kírísítálì kan wà tó jẹ́ pé tí iná bá ti gba inú ẹ̀ kọjá, òun náà á di bí òòfà, láìsí òòfà kankan nítòsí. Mo ní kó lọ jókòó, wáyà téèyàn ò wé, òòfà wo ló fẹ́ ṣe? A ti jọ ta á, ẹni tó bá pàdánù á ra wàrà. Ta ló jàre? (Bàbá Wáyà)

ÌDÁHÙN: Bàbá Wáyà, ọmọ yín ló jàre o, ẹ má bínú. Ṣùgbọ́n "wé" tẹ́ ẹ sọ yẹn gan-an ni kókó ọ̀rọ̀, torí kírísítálì yìí, bó ṣe wà látilẹ̀ ni wíwé ti wà lára ẹ̀. Ẹ mú tẹlúríọ̀mù, ọ̀kan lára irú kírísítálì bẹ́ẹ̀: àwọn átọ́ọ̀mù inú ẹ̀ tò tẹ̀lé ara wọn bí okùn tó ń yí gòkè, mẹ́ta-mẹ́ta ló ń pé yípo kan. Kírísítálì òmíì yí sọ́tùn-ún, òmíì yí sósì, bíi bàtà ẹsẹ̀ méjì.

Ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù, ìyẹn àwọn nǹkan tíntìntín tó ń sáré nínú wáyà tí iná bá ń kọjá, kọ̀ọ̀kan wọn ní òòfà kékeré tiẹ̀, ìyẹn ni wọ́n ń pè ní sípíìnì. Nínú wáyà kọ́pà yín, bí àwọn kan ṣe kọjú síbí làwọn kan kọjú sọ́hùn-ún, wọ́n á pa ara wọn rẹ́. Nínú tẹlúríọ̀mù, átọ́ọ̀mù ẹ̀ wúwo, ó sì tún lọ́, nítorí náà ibi tí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù bá ń lọ ló ń sọ ibi tí sípíìnì ẹ̀ máa kọjú sí. Tí iná ò bá sí, iye tó ń lọ àti iye tó ń bọ̀ dọ́gba, àmọ́ tẹ́ ẹ bá ti fi iná sí i (iná bátìrì o, kì í ṣe iná NẸ́PÀ tó ń lọ tó ń bọ̀), apá kan á ju ìkejì lọ, sípíìnì tó ṣẹ́kù á sì tò gba ojú ọ̀nà iná yẹn.

Ẹ lọ bá oníkẹ̀kẹ́, ẹ fi sípánà yí pẹ́dàlì ọ̀tún àti tòsì síbì kan náà, ẹ máa rí i pé ọ̀kan ń wọlé, ìkejì ń jáde. Bẹ́ẹ̀ náà ni kírísítálì tó yí sọ́tùn-ún àti èyí tó yí sósì ṣe máa ń ṣe síra wọn: tí iná bá gba ojú kan náà, sípíìnì ọ̀kan á kọjú síbí, ti ìkejì á kọjú sọ́hùn-ún.

Ẹ má wá rò pé á gbé ìṣó o! Kékeré ni. Ní 2017 táwọn onímọ̀ kan ní Jàpáànù rí i nínú tẹlúríọ̀mù, irú ọgbọ́n tí wọ́n fi ń ya fọ́tò inú ara ní ọsibítù (MRI, kì í ṣe ẹ́síréè) ni wọ́n lò. Èyí tó tiẹ̀ yà mí lẹ́nu jù ni ti kírísítálì mìíì tó ní krómíọ̀mù, nióbíọ̀mù àti sọ́fọ̀: apá kan ni wọ́n fi iná sí, wọ́n wá bá àmì sípíìnì ní apá ibòmíì tí iná yẹn ò gbà kọjá rárá.

Kẹ́ ẹ tó sanwó wàrà ṣá, ẹ bi ọmọ yín: tí wọ́n bá yí ojú bátìrì padà, tí wọ́n tún fi kírísítálì òsì rọ́pò tọ̀tún lẹ́ẹ̀kan náà, ibo ni sípíìnì á kọjú sí? Tó bá ní ibi tó kọjú sí tẹ́lẹ̀ náà ni, ẹ sanwó.